"Ó Wà!": Bí Mo Ṣe Ka Eré Mẹ́fà tí Bámidélé Kò Gbá Mọ́ Ọn Lọ́rùn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun kan há mi lọ́fun, kò ṣeé gbé mì, kò sì rọrùn láti tu síta. Mo ti wá pinnu pé iwájú yín ni n ó tu ú sí. Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, mo ti bú ara mi ṣáájú yín!

Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títúnṣe ni mò ń ṣe lẹ́bàá ọjà Ìkàrẹ́. Bí ẹ bá rí táyà àtijọ́ mẹ́ta tí wọ́n so kọ́ ara igi, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ mi. Abẹ́ igi náà ni àìsàn mi ti bẹ̀rẹ̀. Àìsàn wo? Àìsàn kíka góòlù!

Báyìí ló ṣe mú mi. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́ Ìkàrẹ́ àti àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀kà dúró níwájú mi, wọ́n ń jiyàn. Ta ló mọ góòlù gbá jù? Àwọn ará Ìkàrẹ́ ní tiwọn ni, góòlù mọ́kànlá ló gbá wọlé. Àwọn ará Ọ̀kà ní irọ́ ni. Lóòótọ́, mẹ́jọ péré ni tiwọn gbá wọlé, ṣùgbọ́n eré mélòó ni wọ́n jẹ́ kó gbá? Ariwo wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi gbọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò lára túùbù tí mo fẹ́ lẹ̀.

Ọkùnrin kan jókòó síbẹ̀ tó ń dúró de kẹ̀kẹ́ rẹ̀, akọ̀wé àwọn tó ń ra kòkó, tó ń ti Ìpè bọ̀. Kò bá wọn pariwo. Ó ṣa sípóòkì kan nílẹ̀, ó lóṣòó, ó fi kọ ọ́ sórí iyẹ̀pẹ̀: góòlù lókè, iye eré nísàlẹ̀. Góòlù mọ́kànlá nínú eré mọ́kànlá, ẹyọ kan ló kan eré kan. Góòlù mẹ́jọ nínú eré mẹ́rin, méjì ló kan eré kan. Ó ní áfírẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ń pè é. Ariwo bá rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, bí ìgbà tí wọ́n da omi síná!

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí, ti Ọ̀kà ló sì borí lọ́jọ́ náà. Ṣé inú wá bí mi? Rárá o! Sípóòkì mi ni, iyẹ̀pẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni, ó sì parí ìjà tí ogún ẹnu kò lè parí. Nígbà tí ọkùnrin náà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, mo dúró ti ìṣirò yẹn, mo ń wò ó, títí ewúrẹ́ fi gba orí rẹ̀ kọjá.

Láti ọjọ́ náà, n kò rí oorun sùn dáadáa. Mo ra ìwé aláwọ̀ búlúù kan. Mo lọ yá ìwé ìṣirò, nítorí Sítáńdáàdì Fáìfù ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, mo sì tún pípín kọ́ fúnra mi látìbẹ̀rẹ̀. Sípóòkì tó tọ́ ni mo fi ń fa ìlà. Kò sí ohun tí n kò kọ: ẹsẹ̀ ọ̀tún ni tàbí ti òsì, orí ni tàbí eékún, òjò ni tàbí oòrùn. Góòlù kan wà tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé òkúta orí pápá ló yí i wọlé! Wọ́n sọ mí ní Akọ̀wé Góòlù. Mo sì ń jẹ́ orúkọ náà bí ẹni tó joyè.

Nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ìlú méjèèjì pa pọ̀ di ẹgbẹ́ kan, ta ni wọ́n tún máa fi ṣe akọ̀wé bí kò ṣe èmi? Sátidé kan, a ó gbá a ní Ìkàrẹ́. Sátidé kejì, a ó gun òkè lọ sí Ọ̀kà. Orúkọ mi ló kẹ́yìn nínú ìwé, lábẹ́ gbogbo agbábọ́ọ̀lù.

Ó yẹ kí n sọ àṣà ẹgbẹ́ wa kan fún yín, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti jáde. Kápútẹ́ẹ̀nì wa, káfíńtà kan láti Ọ̀kà, a máa pe orúkọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá pe ẹni tó wà níbẹ̀, onítọ̀hún á ní, "Mo wà!" Bó bá pe ẹni tí kò wá, ẹnìkan á sọ pé ó rìnrìn àjò, tàbí pé ara rẹ̀ kò yá, èmi á sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ṣùgbọ́n bó bá pe ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, gbogbo wa ni a ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, "Ó wà!"

Kí ni ìdí? Kápútẹ́ẹ̀nì ní òkú là ń pè tí kì í dáhùn. Ilé tí òkú ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, a kì í pe orúkọ ọmọ ibẹ̀ kí ó já sílẹ̀ láìrí ẹni gbé e. A kì í sì í dárúkọ ikú lórí pápá. Nítorí náà, a ó bá a dáhùn, yóò sì tán síbẹ̀.

Àṣà yìí dùn mọ́ mi gan-an. Ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè, ohùn tèmi ló máa ń ròkè jù!

Ẹni méjì ló mọ góòlù gbá nínú ẹgbẹ́ náà. Làsísì, ọmọ Ìkàrẹ́, ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ẹlẹ́fẹ̀ paraku ni. Bó bá gbá a wọlé, á na apá rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń fi téèpù wọn òpó méjèèjì, á ní kí aṣọ́lé dúró dáadáa kí òun wá wọn tirẹ̀ náà. Bámidélé, ọmọ Ọ̀kà, ń bá bàbá rẹ̀ ṣe oko iṣu. Òun kì í sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló lágbára. Bó bá gbá a wọlé, á kàn padà sí ààyè rẹ̀, bí ẹni tó parí ebè kan tó ń lọ sí èkejì.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, bàbá Bámidélé kú. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, òun sì ni àkọ́bí. Kò jáde títí ó fi pé ogójì ọjọ́. Sátidé mẹ́fà nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Kápútẹ́ẹ̀nì pè é, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni a dáhùn pé, "Ó wà!" Ẹ̀ẹ̀mẹfà náà ni mo mú pẹ́ńsù mi, tí mo fa ìlà síwájú orúkọ rẹ̀, irú ìlà kan náà tí mo ń fà síwájú àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù. Ṣé kí n wá fi òfìfo síwájú orúkọ ọmọ olóòkú ni? Ọwọ́ mi kò gbà á.

Mo mọ̀ nígbà náà pé ìlà àánú ni. Ṣùgbọ́n ìwé kò mọ àánú o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìlà ni ìlà ń jẹ́ fún un. Nígbà tí iṣu tuntun fi máa jáde, èmi náà ti gbàgbé.

Àsìkò yẹn ni ọkùnrin kan dé láti Ìbàdàn. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀, wọ́n sì ń wá ẹnìkan, ẹyọ ẹnìkan ṣoṣo, tí yóò máa gbá góòlù fún wọn. Ẹni tí a bá fà kalẹ̀ yóò ríṣẹ́, yóò ríbi gbé, yóò sì máa gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá tí kò ní òkúta! Ta ni kò fẹ́? Ó ní òun ń padà lọ́jọ́ kejì, kí á tètè fún òun lórúkọ.

Baba Tísà, alága wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, pe gbogbo wa sí ìloro ilé rẹ̀. Ìjiyàn bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Ìkàrẹ́ ní kò sí ẹjọ́ kankan níbẹ̀, góòlù méjìdínlógún ni ti Làsísì, méjìlá ni ti Bámidélé, ọmọ tó mọ ení mọ èjì á mọ èyí tó pọ̀ jù. Kápútẹ́ẹ̀nì ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n rántí pé Bámidélé kò ráyè gbá tó Làsísì lọ́dún yìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá bí yóò ṣe sọ ìdí rẹ̀ ni mo bá dìde.

Áà, kí ló gbé mi dìde! Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn, ohun tí áfírẹ́ẹ̀jì wà fún nìyẹn. Mo ní kì í ṣe àpapọ̀ góòlù la ó wò, iye tó kan eré kan ni, kí á má baà rẹ́ ẹni tí eré rẹ̀ kéré jẹ. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi! Mo ṣí ìwé, mo sì ka ìlà lójú gbogbo wọn. Làsísì, eré mẹ́rìndínlógún. Bámidélé, eré mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo pín in, mo sì fi iye tó kéré jù sọ ọ́. Ti Làsísì jẹ́ góòlù mẹ́sàn-án nínú eré mẹ́jọ, ó lé díẹ̀ ní ẹyọ kan fún eré kan. Ti Bámidélé jẹ́ góòlù mẹ́rin nínú eré márùn-ún, kò tó ẹyọ kan.

Kápútẹ́ẹ̀nì lanu sílẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kẹ̀?"

Mo ní, "Káfíńtà, pákó ni kí ẹ máa wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n wọn góòlù tèmi."

Gbogbo ìloro bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dún létí mi títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Mo rí i tí Kápútẹ́ẹ̀nì yíjú sí Bámidélé. Mo sì rí i tí Bámidélé mi orí díẹ̀ sí i, bí ẹni tó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rí i, ṣùgbọ́n kò yé mi. Baba Tísà bi Bámidélé bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ sí ohun tí ìwé wí.

Ó ní, "Rárá, sà. Ẹ jẹ́ kó rí bí ìwé ṣe wí."

Báyìí ni wọ́n ṣe mú Làsísì. Ọkùnrin Ìbàdàn náà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun kò rí irú ìwé yìí rí. Mo wú bíi túùbù tí wọ́n fẹ́ jù! Bámidélé náà wá, ó kí mi kú iṣẹ́. Ìwé ọwọ́ mi ló ń wò bó ṣe ń kí mi, kò wojú mi.

Ọjọ́ tí Làsísì ń lọ, ó yà sọ́dọ̀ mi kí ó tó wọ lọ́rì. Ó so bàtà bọ́ọ̀lù kan kọ́ ọrùn, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. "Akọ̀wé, ẹ wo ohun tí Délé fún mi! Ó ní tèmi ti ya jù fún Ìbàdàn. Ó ní pápá òkúta kò nílò bàtà." Èmi náà bá a yọ̀. Mo tilẹ̀ bá a fi gíríìsì pa á lára!

Ní bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, òjò dá mi dúró sínú ṣọ́ọ̀bù. Kí ni irú èmi máa ń ṣe bí òjò bá ń rọ̀? Mo ṣí ìwé mi. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni iye eré tí ẹnìkọ̀ọ̀kan gbá léraléra láìrí góòlù gbá wọlé. (Ẹ má bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe.) Ti Làsísì jẹ́ mẹ́ta. Ti ẹlòmíràn jẹ́ mẹ́rin. Mo dé orí Bámidélé: mẹ́fà!

Mẹ́fà kẹ̀? Bámidélé tí n kò rí kó gbá eré méjì tẹ̀lé ara wọn lọ́wọ́ òfo rí?

Mo fi ìka tọ ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà lọ. N kò rí ẹsẹ̀ ọ̀tún, n kò rí ti òsì. N kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo kọ nípa rẹ̀ ní Sátidé mẹ́fà gbáko. Èmi tí mo kọ òkúta tó yí góòlù wọlé! Mo wo ẹ̀gbẹ́ ìwé níbi tí mo ń kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí: òjò, òjò, òjò àkọ́rọ̀. Ni mo bá gbọ́ ohùn ara mi ketekete, ohùn tó máa ń ròkè jù yẹn: "Ó wà!"

Mo yọ mẹ́fà kúrò nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ku mẹ́sàn-án. Góòlù méjìlá nínú eré mẹ́sàn-án: mẹ́rin nínú eré mẹ́ta. Mo tún un pín lẹ́ẹ̀mẹrin, mò ń wá ibi tí yóò ti yí padà kí n rí nǹkan sá sí. Kò yí padà. Ó ju ti Làsísì lọ, kì í sì í ṣe díẹ̀!

Irinṣẹ́ tí mo ní kó má jẹ́ kí á rẹ́ ẹni tí eré rẹ̀ kéré jẹ, òun náà gan-an ni mo fi rẹ́ ẹ jẹ.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé kẹ̀kẹ́ mi, mo kọrí sí Ọ̀kà. Mo gba Àkùngbá kọjá láìkí ẹnikẹ́ni. Níbi tí òkè ti le, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń tì í lọ, mo sì ń to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ. Nígbà tí mo fi máa dé ẹnu ọ̀nà wọn, gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti fò lọ.

Ìyá Bámidélé ló wà níta, ó ń sá iṣu tí yóò fi ṣe èlùbọ́ sórí àpáta. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó fi èdè Ọ̀kà dá mi lóhùn, ó bi mí bóyá èmi ni ọmọ Ìkàrẹ́ tí ohùn rẹ̀ máa ń ròkè nígbà tí wọ́n bá ń dáhùn fún ọmọ òun. Ó ní ní gbogbo Sátidé ogójì ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ Ọ̀kà máa ń yà sílé wọn lẹ́yìn eré tẹrẹ̀-tẹrẹ̀, wọ́n á ní, "Délé, a pè ọ́, o sì dáhùn." Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ nìkan ni ọmọ òun máa ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Ó ní Ọlọ́run kò ní fi irú rẹ̀ san án fún mi.

Ẹ rò ó wò! Ìyá ẹni tí mo rẹ́ jẹ ló ń ṣàdúrà fún mi. Ó bu omi fún mi mu.

Bámidélé ti oko dé. Ó ti rí ojú mi, ó ti mọ̀. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sáré dì mí mú léjìká.

"Bọ̀ọ̀dá Akọ̀wé, ẹ má dán an wò. Ẹ jù mí lọ."

"Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Níbi ìpàdé yẹn gan-an?"

"Bí ẹ ṣe dárúkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti mọ̀."

Inú tiẹ̀ wá bí mi sí i. Mo ní, "Kí ló wá dé tí o dákẹ́? Ta ló so ọ́ lẹ́nu?"

Ó jókòó sórí àpáta, ó ń ha ẹrẹ̀ kúrò lára ọkọ́ rẹ̀. Ó ní, "Kí n wí pé kí ni? Ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ pè mí, ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ ní mo wà. Kí n wá dìde lójú gbogbo yín, kí n ní n kò sí níbẹ̀, pé irọ́ lẹ pa? Nítorí Ìbàdàn? Kápútẹ́ẹ̀nì fẹ́ẹ́ sọ ọ́, èmi ni mo ní kó má sọ."

Mo ní n ó lọ tún un ṣe, n ó lọ yọ eré mẹ́fà náà kúrò. Ìgbà yẹn ló gbé ojú sókè.

"Ẹ yọ ọ́ kúrò lábẹ́ góòlù mi, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́ kúrò níwájú orúkọ mi."

Mo bẹ Baba Tísà kó tún pe ìpàdé. Ìloro kan náà, àwọn èèyàn kan náà. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, ohùn mi kò sì ròkè lọ́jọ́ náà. Ará Ìkàrẹ́ kan pariwo mọ́ mi: "Akọ̀wé, iṣu Ọ̀kà mélòó ni wọ́n fi bọ́ ọ?" Ará Ọ̀kà kan gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Iṣu kọ́! Ó di ẹrù mẹ́fà lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, ó wá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn tí ọjà ti tú!" Ìlú méjèèjì tí kì í gbà fún ara wọn, wọ́n gbà lọ́jọ́ náà pé kò sí ẹlẹ́bi méjì.

Baba Tísà bi mí bóyá ohun tí mò ń sọ ni pé Bámidélé ló yẹ kó lọ. Mo ní n kò lè búra. Òótọ́ ni mo sọ. Eré mẹ́sàn-án kò rí bí eré mẹ́rìndínlógún. Bí Bámidélé bá gbá eré méjì péré sí i láìrí góòlù, ó di méjìlá nínú mọ́kànlá, yóò sì rẹlẹ̀ sí ti Làsísì. Ẹni tó bá gbá eré kan ṣoṣo, tó gbá góòlù mẹ́ta wọlé, ṣé a ó ní kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Àkókó? Ó yẹ kí á jiyàn rẹ̀. Ó yẹ kí á béèrè ta ni wọ́n gbá, pápá wo ni, ta ló gbé bọ́ọ̀lù sí i lẹ́sẹ̀. Ìjiyàn yẹn gan-an ni mo gbà mọ́ wọn lẹ́nu. Mo fi ìwé dí Kápútẹ́ẹ̀nì lẹ́nu nígbà tó fẹ́ẹ́ sọ òtítọ́, ìwé náà kò sì tọ́.

Baba Tísà kọ lẹ́tà sí Ìbàdàn. Èsì dé: ààyè ti kún. Ọkùnrin náà ní kí Bámidélé ṣì máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ, bí ààyè bá ṣí, òun yóò kọ̀wé béèrè iye tó kan eré rẹ̀ kan. Ó wá fi kún un pé kí á rí i pé ẹni tí yóò kà á mọ̀ ọ́n kà. Baba Tísà kà á sókè lójú mi. Ilẹ̀ kò lanu, ǹ bá wọ̀ ọ́.

Sátidé méjì tẹ̀lé ara wọn, n kò lọ sí pápá. Mo jókòó sídìí iṣẹ́ mi, mo doríkodò. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ń kọjá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Akọ̀wé Góòlù! Ẹ bá mi ka táyà kẹ̀kẹ́ mi, ṣé méjì ni àbí mẹ́jọ?"

Lẹ́yìn Sátidé kejì, Kápútẹ́ẹ̀nì wá bá mi. Mo rò pé ó wá bú mi ni, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní àwọn pe orúkọ mi ní pápá.

Ó ní, "Ìwọ lo kẹ́yìn. Mo pè ọ́, ó dákẹ́. Mo fẹ́ẹ́ ká ìwé orúkọ ọwọ́ mi kò ni mo gbọ́ Délé lẹ́yìn pé, 'Ó wà!' Òun nìkan ni lákọ̀ọ́kọ́. Kí n tó yíjú, gbogbo wọn ti gbà á."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n n kò ṣọ̀fọ̀."

Ó ní, "Ojú tó ń tì ọ́ láti ọjọ́ yìí, kí lo pè é?"

Pọ́ńpù wà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ orí mi mọ́ ọn, mo ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà tó ti yó, kí ó má baà rí ojú mi.

Ó ti bá mi kọ Sátidé méjèèjì sórí pátákó pẹlẹbẹ kan, pẹ̀lú pẹ́ńsù káfíńtà: Bámidélé, góòlù kan. Bámidélé, òfo. Góòlù mẹ́tàlá nínú eré mọ́kànlá. Ó bọ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe kọ ọ́.

Nísinsìnyí, àmì méjì ló wà nínú ìwé mi. Ìlà ni ti ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù. Òbíríkítí kékeré ni ti ẹni tí a dáhùn fún. N kì í fi òbíríkítí pín góòlù, n kì í sì í pa á rẹ́. Mẹ́fà ló wà níwájú orúkọ Bámidélé. Méjì wà nísàlẹ̀ pátápátá, níwájú orúkọ tèmi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹnikẹ́ni bá gbé áfírẹ́ẹ̀jì wá bá yín, ẹ má wo góòlù tó wà lókè nìkan. Ẹ bi í bó ṣe ka eré tó wà nísàlẹ̀, ẹ sì bi í pé mélòó ni. Bí káfíńtà bá sì fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹnìkan wà nínú yín tó ti fi ohun tó mọ̀ ṣe dáadáa ṣe ẹlòmíràn níbi rí? Báwo lẹ ṣe tún un ṣe, bó bá ṣeé tún ṣe? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, tàbí kí ẹ yà lábẹ́ igi táyà mẹ́ta. N kò ní fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹnu wo ni n ó fi rín in?

Ní Sátidé tó kọjá, mo ti kẹ̀kẹ́ mi gun òkè Ọ̀kà. Kápútẹ́ẹ̀nì pe orúkọ dé ìsàlẹ̀, mo sì dáhùn fúnra mi pé mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó sún mọ́ mi nìkan ló lè gbọ́ ọ. Àwọn ará Ìṣùà la gbà lálejò. Ẹsẹ̀ lásán ni Bámidélé fi gbá a, ẹ ṣáà mọ ibi tí bàtà rẹ̀ wà. Ó gbá mẹ́ta wọlé: ẹsẹ̀ òsì, orí, ẹsẹ̀ òsì. Lẹ́yìn eré, mo jókòó tì í lórí àpáta, mo gbé ìwé sáàárín wa, mo sì ní kó kà á fúnra rẹ̀. Ó fi ìka tó kún fún iyẹ̀pẹ̀ tọ àwọn ìlà náà lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi òbíríkítí mẹ́fà, ó rọra fò wọ́n.

Góòlù mẹ́rìndínlógún, eré méjìlá. A jọ pín in: mẹ́rin nínú eré mẹ́ta. Iye tó wà tẹ́lẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n eré mẹ́sàn-án ló gbé e dúró nígbà náà. Eré méjìlá ló gbé e dúró báyìí.